Ọmọ mi ń lọ jìjàkadì ní Lọ́kọ́ja: kí ni wọ́n ń wò, kí ni wọ́n ń torí ẹ̀ lé èèyàn?

Ìyá_Ìsánlú:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n mú ọmọ mi obìnrin níléèwé wọn pé kó wà lára àwọn tó ń lọ jìjàkadì ní Lọ́kọ́ja. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, agbára sì wà lára ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ tíṣà tó ń kó wọn lọ, bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi í, òun náà ló tún ń bi mí. Ní tèmi, gídígbò tí mo mọ̀ ni èyí táwọn ọmọkùnrin ń jà lórí iyanrìn: ẹni tẹ́yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀, wọ́n ti dá a, ó parí. Wọ́n wá ní eléyìí lófin, pé wọ́n máa wọn kílò, wọ́n máa wo èékánná, wọ́n máa wo ara. Kí ni kó kó dání? Kí ni wọ́n lè torí ẹ̀ lé e? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ti débẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn.

Kóòṣì_Ìjùmú:
Màmá, ẹ kú oríire ọmọ. Orí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù kí wọ́n tó fojú kan màátì.

Kílò ni wọ́n fi ń pín wọn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí 53, kò gbọ́dọ̀ ju 53 lọ, ì báà ṣe bíńtín. Aṣọ ìjàkadì tó wà lára ẹ̀ wà nínú ìwọ̀n náà, wọn ò ní yọ ọ́. Nínú òfin àjọ àgbáyé, ìyẹn United World Wrestling, àárọ̀ ni wọ́n ń wọn kílò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń lò fún un lọ́jọ́ kìíní. Láàárín àkókò yẹn, ó lè gorí òṣùwọ̀n iye ìgbà tó bá wù ú. Tí àkókò bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí "ẹ dákun, ẹ jẹ́ n lọ tọ̀ kí n padà wá."

Ẹ ò ní gbàgbé Vinesh Phogat, ọmọ Íńdíà, ní Òlíńpíìkì Paris 2024. 50 kílò ló ń jà. Lọ́jọ́ kìíní ó jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí kan Yui Susaki ọmọ Japan tó gba wúrà ní Tokyo. Àṣekágbá nìkan ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gorí òṣùwọ̀n, ó fi gíráàmù 100 lé. Wọ́n lé e, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kódà fàdákà tó ti dájú bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù eré ìdárayá, wọ́n dá a nù.

Torí náà, ẹ lọ wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n ọsibítù, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Òṣùwọ̀n inú ilé máa ń purọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Lọ́kọ́ja lálẹ́, kí tíṣà béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ káwọn ọmọ dán òṣùwọ̀n gangan tí wọ́n máa lò wò. Mo ní "lálẹ́" o. Ẹni tó bá ní òun á jí gbéra ní Ìsánlú láàárọ̀ ọjọ́ ìwọnkílò, tírélà sìmẹ́ńtì tó bá pàdé lọ́nà Ọbájáná ni yóò sọ ìgbà tó máa débẹ̀ fún un.

Ọmọ_Bùnú:
Ká sọ òótọ́ fún ara wa. Tó bá fi kílò kan lé, kó má jẹun alẹ́, kó wọ sùẹ́tà méjì léra wọn kó sáré yí pápá ká, kó máa tutọ́ sínú ike. Bí gbogbo wa ṣe ṣe é nìyẹn, kò pa wá.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò pa ẹ̀yin, ó pa ẹlòmíì. Lọ́dún 1997, láàárín oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń jìjàkadì ló kú ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá dín kílò kù. Wọ́n ń làágùn nínú aṣọ rọ́bà àti ooru títí omi ara wọn fi gbẹ. Lẹ́yìn ikú wọn ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀, tó fòfin de aṣọ rọ́bà àti yàrá ooru. Àgbà ni wọ́n o, wọ́n ní kóòṣì, wọ́n ní dókítà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wá fẹ́ fi sùẹ́tà sáré ní Lọ́kọ́ja, nínú ooru Lọ́kọ́ja!

Màmá, tó bá jẹ́ 54 ló wọ̀n, ẹ jẹ́ kó lọ jà ní 57. Ó ṣì ń dàgbà. Ẹni tí omi ti gbẹ lára ẹ̀, ojú á máa ṣú u, agbára ò ní sí níbẹ̀ mọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé lulẹ̀ wẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, alẹ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ wò: iyọ̀ máa ń dá omi dúró sára. Mo mọ̀ pé iyán ni tiwa, ẹ ò ní fi dù ú, àmọ́ kí òkèlè mọ níwọ̀n, kí ọbẹ̀ má níyọ̀ jù. Lẹ́yìn tó bá ti wọn kílò tán, kó mu omi, kó jẹ ohun tó fúyẹ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì, ẹ̀kọ. Kó má ṣàdédé gbé ẹ̀wà àgànyìn.

Oògùn ńkọ́? Àwọn kan máa ń fún ọmọ ní oògùn tí ń múni tọ̀, irú furosemide, kí kílò lè wálẹ̀. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́ lára ẹni tí omi ti gbẹ, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, sì kà á léèwọ̀ nígbà gbogbo, ọjọ́ ìdíje àti ọjọ́ tí kì í ṣe ti ìdíje. Tramadol náà ti di eewọ̀ lọ́jọ́ ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Àgbo àti paraga, mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ tí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ wò, ẹni tó mu ún ló máa jíhìn. "Wọ́n fún mi ni" kì í ṣe àwíjàre níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ara: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lónìí, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ ìrìnàjò. Làpálàpá, kúrúnà, eéwo tó ń ṣọyún, ojú pípọ́n, dókítà lè torí èyíkéyìí nínú wọn dá a dúró, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ara ló ń kan ara, gbogbo wọn ló sì ń yí lórí màátì kan ṣoṣo. Làpálàpá kì í lọ lọ́jọ́ méjì. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tó bá ń fi ìpara clotrimazole pa á déédéé. Ẹ má fi pàǹkéèkì bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá làágùn, á fọ̀ kúrò.

Afọnfèrè:
Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ń fọn fèrè ìjàkadì fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí rẹ́fírì ń ṣe kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í hàn sí àwọn tó jókòó lókè.

Ọmọ náà á wá síwájú mi, á na ọwọ́ méjèèjì. Màá fi àtàǹpàkò mi gba orí èékánná ẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá fà mí lọ́wọ́, kó lọ gé e. Kì í ṣe kó jẹ ẹ́ o, kó gé e kó sì fi fáìlì ra á, torí èékánná tí wọ́n fi eyín jẹ máa ń mú ju èyí tó gùn lọ. Lẹ́yìn náà màá fọwọ́ ra apá àti ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀. Òróró ni mò ń wá. Òfin ò gba kéèyàn para, torí bó bá ti ń yọ̀, ta ni yóò rí i dì mú? Mo mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́, ìyá wo ló máa jẹ́ kọ́mọ jáde láìfi òrí pa á lára? Lọ́jọ́ yẹn, Màmá, ẹ jẹ́ kí awọ ẹ̀ funfun. Òrí ò ṣeé fi áńkáṣíìfù nù kúrò lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀.

Irun: kó di kòlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ, láìsí ìlẹ̀kẹ̀, láìsí píìnì, láìsí àtàsímẹ́ǹtì tó ń jùlọ́. Yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, kó fi gbogbo ẹ̀ sílé. Bàtà ìjàkadì tó ga dé kókósẹ̀ ló dáa, kí okùn ẹ̀ má máa fò káàkiri.

Ìjà fúnra ẹ̀ wàyí. Fún ọmọ ọjọ́ orí tiẹ̀, ìyẹn àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ìpele méjì ni, ìṣẹ́jú méjì-méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá sì ni ìsinmi tó wà láàárín. Tó bá fa ẹnìkejì lulẹ̀ tó sì bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, pọ́ìǹtì méjì. Tó bá yí i débi tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti kọjú sílẹ̀, méjì. Tó bá gbé e látòòró sọ ọ́ lulẹ̀ tí ẹ̀yìn ẹ̀ sì kọjú sílẹ̀, mẹ́rin, àti márùn-ún tó bá jẹ́ pé gíga ló gbé e lọ sókè. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ìta, ẹnìkejì gba ẹyọ kan. Tí ẹnì kan bá fi mẹ́wàá ju ẹnìkejì lọ, ó parí níbẹ̀. Tí pọ́ìǹtì bá dọ́gba títí àkókò fi pé, wọn kì í fi ìṣẹ́jú kún un. Wọ́n á wo ẹni tí pọ́ìǹtì tó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tóbi jù, lẹ́yìn náà ẹni tí ìkìlọ̀ ẹ̀ kéré, lẹ́yìn náà ẹni tó gba ti ìkẹyìn.

Ṣùgbọ́n èyí tí Màmá mọ̀ látilẹ̀ ṣì ni ọba gbogbo ẹ̀: tí èjìká méjèèjì bá kan màátì tí rẹ́fírì sì rí i kedere, kò sí pọ́ìǹtì tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ bi Odunayo Adekuoroye wa. Ẹni tó gba wúrà Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022 ni. Ní Òlíńpíìkì Tokyo, ó ń fi pọ́ìǹtì ṣíwájú ọmọ Moldova kan dáadáa, kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Kó má fọkàn balẹ̀ torí pé ó ń ṣíwájú.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe: fífa irun, fífa etí, jíjáni lẹ́kánná, gígéni jẹ, lílọ́ ìka, títì ìka bọ ojú, dídi aṣọ ẹnìkejì mú, fífún lọ́rùn, fífi ìgúnpá tàbí orúnkún gún ikùn. Kó má fọwọ́ gbá ọrùn mú lásán láìsí apá kan nínú ẹ̀. Orí pẹ̀lú apá ni kó dì pọ̀. Àti èyí tó jẹ́ ti àwọn obìnrin: kó má ki ọwọ́ méjèèjì gba abẹ́ apá ẹnìkejì láti ẹ̀yìn kí wọ́n pàdé ní ìpàkọ́. Eewọ̀ ni fún wọn. Ìkìlọ̀ ń fún ẹnìkejì ní pọ́ìǹtì, ìkìlọ̀ mẹ́ta sì túmọ̀ sí pé ó ti pàdánù. Ìwà ìkà, bíi kó gbáni lẹ́ṣẹ̀ẹ́, káàdì pupa lójú ẹsẹ̀.

Kó má sì kàn dúró máa ta ẹnìkejì nù. A máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí kò jà. Tó bá ṣì ń bá a lọ, a ó fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó fi gba pọ́ìǹtì, tí kò bá sí, ẹnìkejì á gba ọ̀kan.

Bàbá_Kàbà:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, òyìnbó kọ́ ló kó gídígbò dé bá wa o. Láyé tiwa, ẹni tó ń lọ jà kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ońdè tí bàbá ẹ̀ bá dè mọ́ ọn ńdìí ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà lófin?

Afọnfèrè:
Bàbá, ẹ kú àgbà. Bí ońdè bá ń jẹ́ bí kò bá jẹ́, rẹ́fírì ò ní bi í. Á kàn ní kó bọ́ ọ. Òrùka, ìfúnpá, ońdè, ìgbàdí, róṣárì, tírà, àgbélébùú, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú wa: ohun líle tó lè ya ẹnìkejì lára. Gbẹ́rẹ́ tó ti jinná, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Èyí tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, dókítà máa dá a dúró. Ẹ bá mi fi sọ́kàn pé wíwo ara máa ń wáyé ní gbangba. Ọmọ tí wọ́n ní kó bọ́ ońdè lójú èrò, ọkàn ẹ̀ ti kúrò nínú ìjà náà. Tó bá gbọ́dọ̀ ní i, kó bọ́ ọ sínú báàgì ní òtẹ́ẹ̀lì.

Bàbá_Kàbà:
Ó dáa. A ó fi gbàdúrà, ìyẹn ò ní kílò.

Ọmọ_Yàgbà_Jámánì:
Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jọ̀wọ́, kí tíṣà yẹn kọ́kọ́ béèrè irú ìjà tí wọ́n ń lọ jà, torí gbogbo ohun tí Ọ̀gá Afọnfèrè sọ, ti màátì ni, ti àwọn obìnrin àti ti ọkùnrin tó gbà kéèyàn di ẹsẹ̀ mú. Greco-Roman wà, ti ọkùnrin nìkan, wọn kì í fọwọ́ kan ibi tó bá ti wà nísàlẹ̀ ìbàdí, pọ́ìǹtì mẹ́jọ sì ni wọ́n fi ń parí ẹ̀. Ti orí iyanrìn wà, nínú òbìrípo, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba pọ́ìǹtì mẹ́ta ló borí, ó yá kíá. Júdò tí èmi ń ṣe, aṣọ ni à ń dì mú, tí ọwọ́ rẹ bá lọ sí ẹsẹ̀ ẹnìkejì níbi tó o ti ń gbìyànjú láti gbé e, wọ́n á jẹ ọ́ níyà. Mo rí ọmọ tó mọ gídígbò dénú egungun tó wá ja júdò níbí. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rá mú. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbì kan, ẹ̀ṣẹ̀ ni níbòmíì. Kí wọ́n gba ìwé òfin ìdíje náà gangan lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ẹ̀, kí wọ́n kà á fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó gbéra.

Ọmọ_Bùnú:
Wọ́n á fún wọn níwèé òfin ní Kogi yìí? Ẹ kú àlá.

Ọmọ_Yàgbà_Jámánì:
Wọn ò ní fún un tí kò bá béèrè. Ipàdé àwọn kóòṣì máa ń wà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kó ti bi wọ́n níwájú gbogbo èèyàn: ìṣẹ́jú mélòó, ṣé wọ́n máa gba àfikún kílò, ta ni dókítà. Ohun tí wọ́n bá sọ lójú gbogbo èèyàn, wọn ò ní lè yí i padà tó bá di ọ̀sán.

Tíṣà_Gbẹ̀dẹ̀:
Ohun kan tí ẹ ò tíì sọ ni ìwé ọjọ́ orí. Kí ọmọ náà mú ìwé-ẹ̀rí ìbí tí àjọ NPC ń fúnni dání, ojúlówó àti ẹ̀dà, pẹ̀lú NIN, káàdì iléèwé, àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí tí ẹ̀yin fọwọ́ sí. Ìwé ìbúra láti kóòtù, àwọn kan ń gbà á, àwọn kan kì í gbà á.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. A máa ń mú ọmọ tó ti gbọn irùngbọ̀n nù lẹ́ẹ̀mẹwàá, a ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nínú ìjàkadì, ẹ̀tàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ lásán. Tí àgbàlagbà bá gbé ọmọ kékeré lókè tó sì jù ú sílẹ̀, ọrùn ló ń bá a kan ilẹ̀. Tí tíṣà bá ní kẹ́ ẹ dín ọdún ọmọ yín kù "kó lè bá àwọn kéékèèké jà," ẹ sọ fún un pé rárá. Wọ́n lè lé gbogbo iléèwé torí ẹnì kan.

Kóòṣì_Ìjùmú:
Ó ku ọ̀rọ̀ ìwà, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń lágara.

Wọ́n á pe orúkọ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè é. Tí kò bá jáde, ó ti pàdánù, ì báà jẹ́ pé ó wà ní ilé ìtọ̀. Torí náà kí ẹnì kan máa bá a ṣọ́ ìwé tí wọ́n kọ eré sí. Tó bá dórí màátì, á bọ rẹ́fírì lọ́wọ́, á bọ ẹnìkejì lọ́wọ́. Tó bá parí, bákan náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọwọ́ ẹni tó borí sókè, á lọ bọ kóòṣì ẹnìkejì lọ́wọ́. Kó má yọ okùn aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ lórí màátì, kó má tutọ́, kó má sọ̀rọ̀ sí rẹ́fírì. Tó bá ní ẹjọ́, kóòṣì ẹ̀ ló ń sọ ọ́. Níbi tí fídíò wà, kóòṣì lè ní kí wọ́n tún un wò, tí kò bá jàre, ẹnìkejì á gba pọ́ìǹtì kan. Ní ìdíje tí kò sí fídíò, ọ̀rọ̀ rẹ́fírì labẹ́ gé, ó tán.

Ara Abrahamian, ọmọ Sweden, bínú ní Beijing 2008 torí ìdájọ́ kan. Wọ́n fi idẹ kọ́ ọ lọ́rùn, ó bọ́ ọ, ó gbé e sílẹ̀ láàárín màátì, ó sì bá tiẹ̀ lọ. IOC, àjọ tó ń darí Òlíńpíìkì, gba idẹ náà lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Bóyá ó jàre nípa ìdájọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ ọ́ mọ́.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Rio 2016. Ganzorig Mandakhnaran, ọmọ Mòǹgólíà, ń jà fún idẹ ní 65 kílò. Ó ń ṣíwájú, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù. Ló bá ń jó, ó ń sá káàkiri. Wọ́n ní ó ń sá fún ìjà, wọ́n fún ẹnìkejì ní pọ́ìǹtì, idẹ lọ. Àwọn kóòṣì ẹ̀ méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ lórí màátì lójú gbogbo ayé, ọ̀kan bọ́ ọ kù sí pátá. Wọ́n dá wọn dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ọmọ náà pé kó má jó kí fèrè tó dún. Ẹ wá bá mi kọ́ tíṣà náà pé kó máa wọ ṣòkòtò tó ní bẹ́líìtì.

Ẹ̀yin òbí náà: ibi tí èrò wà ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹnì kan ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màátì. Tí èèyàn mẹ́fà bá ń pariwo "Dá a! Fà á lẹ́sẹ̀!" ọmọ ò ní gbọ́ èyí tí kóòṣì ń sọ, tó bá sì gbójú sókè wo ìyá ẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni wọ́n á wọlé sí i lẹ́sẹ̀.

Ìyá_Ìsánlú:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á sanwó yín. Mo ti gé èékánná ẹ̀, mo ti kó òrí pa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ méjì tó kù jẹ́ ti obìnrin. Tó bá bọ́ sí àsìkò nǹkan oṣù ẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò sì wọ̀n ọ́n? Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin kankan ní kó bọ́ra.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀:
Màmá, ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Nǹkan oṣù kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Kó wọ ohun tó mọ́ ọn lára, kó ní ṣòkòtò kékeré tó fún mọ́ra lábẹ́ aṣọ ìjàkadì, kó mú èyí tó máa pààrọ̀ dání dáadáa. Ẹ mọ̀ pé kílò máa ń gòkè díẹ̀ lásìkò yẹn torí omi tó ń dúró sára, ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi í sí ìsọ̀rí tó fún un pinpin.

Aṣọ ìjàkadì ni wọ́n ń wọ̀ gorí òṣùwọ̀n, wọn kì í ní kí ọmọdé bọ́ra. Òṣìṣẹ́ obìnrin ni kó wọ̀n ọ́n, obìnrin ni kó wo ara ẹ̀, kí àgbà obìnrin kan láti iléèwé sì wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú yàrá. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìyọ̀ǹda yẹn pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́. Tí iléèwé bá ní ọkùnrin nìkan ló ń kó wọn lọ sùn ní Lọ́kọ́ja, èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ tèmi lọ, ẹ má bínú.

Ẹyọ kan ṣì kù: tó bá forí lulẹ̀, tí kò mọ ìpele tó wà, tó ń bì, tàbí tí ojú ẹ̀ ń ṣú, ìjà ti parí fún un lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ pé òun ló ń ṣíwájú. Kó má gbà kí ẹnikẹ́ni da omi tútù lé e lórí kó ní kó padà sórí màátì. Ẹ̀jẹ̀ imú lásán, wọ́n á dá ìjà dúró, wọ́n á dí i, á padà sẹ́nu ẹ̀.

Ìyá_Ìsánlú:
Tíṣà ní wọ́n máa fún wọn ní aṣọ ìjàkadì kan kan. Ṣé ó tó?

Kóòṣì_Ìjùmú:
Kò tó. Pupa kan, búlúù kan. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe orúkọ ẹ̀ ló ń wọ pupa, ó sì lè yí padà láti ìjà kan sí òmíràn. Tí owó ò bá ká a, kí iléèwé ra pupa méjì àti búlúù méjì káwọn tí ìwọ̀n wọn jọra máa yá ara wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá jọ jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ran orúkọ ẹ̀ sínú ọrùn méjèèjì. Gbogbo wọn ló jọra, inú báàgì àwọn ará Ìdáh ni wọ́n máa ń bá ti àwọn ọmọ wa.

Tíṣà_Gbẹ̀dẹ̀:
Àti ti àwọn ará Ìdáh nínú báàgì tiwa.